Olú Tó Kó Lọ Sórí Ààtàn

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kó wọlé, ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà kó gbé àtẹ rẹ̀ dání wá. Iṣẹ́ ọwọ́ kò ní kí etí má gbọ́. Ìyá ọmọ, wá fẹ̀yìn ti ògiri níbí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ní orin nínú, ẹni tó bá jókòó jìnnà kò ní rí i gbè.

Olú ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ má tíì gbé ìkòkò kaná o, kì í ṣe olú ọbẹ̀. Olú tí gbogbo wa mọ̀ ní ẹsẹ̀, ó sì ní agbòjò lórí. Èyí kò ní agbòjò. Ńṣe ló yọ láti inú ilẹ̀ bí ìka ọwọ́, ìka bí ìka, ẹ̀ka ya ẹ̀ka, títí ó fi dà bí ìwo àgbọ̀nrín tí wọ́n gbẹ́ kékeré fún ọmọdé ṣeré. Àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń fi í wé iyùn, nítorí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni iyùn ṣe ń ya ẹ̀ka nísàlẹ̀ òkun kí wọ́n tó gé e, kó tó dé ọrùn ìyàwó. Olú oníyùn ni wọ́n ń pè é.

Bódìjà ló ti ṣẹlẹ̀, láyé ìjọba ṣọ́jà, lásìkò tí ọkọ̀ ń sùn nílé epo bí ẹni tó gba yàrá síbẹ̀. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àmọ̀kẹ́. Ọkọ rẹ̀, tíṣà ìjọ Onítẹ̀bọmi, ló kọ́lé síbẹ̀ kó tó kú, Àmọ̀kẹ́ wá ń gba àwọn ọmọ yunifásítì sí yàrá ẹ̀yìn. Ìyá Onílé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ohun tó fẹ́ràn jù láyé ni orin àti ilẹ̀ gbígbá. Bó bá ń gbálẹ̀, á máa kọrin. Bí orin bá sọ sí i lẹ́nu tí ọwọ̀ kò sí nítòsí, á wá ọwọ̀. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ mọ́ débi pé bí gààrí bá dà síbẹ̀, ẹ ó kó o jẹ.

Ibì kan ló ṣẹ́kù, abẹ́ igi arère tó wà nísàlẹ̀ ọgbà. Igi náà dàgbà ju ilé lọ. Nígbà tí wọ́n ń gé igbó láti fi dá Bódìjà sílẹ̀, àáké àwọn agégi kò ká a, wọ́n bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀ bí àgbà tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ. Ewé rẹ̀ kì í tán nílẹ̀. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, orúnkún ń yọ Àmọ̀kẹ́ lẹ́nu, ó bá pa abẹ́ arère tì. Ewé ń bọ́ lé ewé láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò fi dé.

Nínú àwọn ọmọ tó gba yàrá lọ́dọ̀ rẹ̀, Ṣèyífúnmi ló sún mọ́ ọn jù. Olú oníyùn yìí ni ọmọ náà ń fi gboyè. Ó ti wọ igbó ìjọba lọ́nà Ìjẹ̀bú, ó ti wọ igbó Oǹdó, kòkòrò ti jẹ ẹ́, òjò ti pa á, síbẹ̀ ohun tó rí kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn aṣáájú rẹ̀ ti rí, tí wọ́n sì ti sọ lórúkọ. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló ń sá aṣọ, atẹ́gùn bá gbé gèlè rẹ̀ lọ sábẹ́ arère. Ó bẹ̀rẹ̀ mú un. Kò dìde mọ́, igbe ló fi bọnu.

Àmọ̀kẹ́ sáré já sí ẹ̀yìnkùlé. “Ṣé ejò ni? Ṣèyí, ṣé ejò ni?”

“Mama, olú ni!”

“Olú! Ìwọ tí o ń dákú lórí olú, bí o bá rí ẹran ńkọ́?”

Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Olú náà kò ga ju àtàǹpàkò lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun, ẹ̀ka rẹ̀ ní àwọ̀ ẹ̀pà, ṣóńṣó orí rẹ̀ sì pọ́n bí èèpo àlùbọ́sà. Ṣèyífúnmi fi ìka kan ẹ̀ka kan báyìí, ojú ibẹ̀ sì rọra di àwọ̀ ewé. Nínú ewé gbígbẹ ló dúró sí, ó dákẹ́ rọ́rọ́, bí ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀ ká tó dé.

“Kí ni wọ́n ń pè é?” Àmọ̀kẹ́ bi í.

“Mi ò tíì rí i nínú ìwé kankan, Mà. Ó lè jẹ́ pé kò tíì lórúkọ.”

“Ohun tí Ọlọ́run dá, kó má lórúkọ?”

“Ó lè ní lọ́dọ̀ Ọlọ́run, Mà. Ọ̀dọ̀ tiwa ni kò sí.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Àmọ̀kẹ́ lára. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ní kí ọmọ náà là á yé òun. Ṣèyífúnmi ní olú náà ní ìdílé bí ènìyàn ṣe ní ìdílé, kì í sì í ṣe ojú nìkan ni wọ́n fi ń mọ ìdílé ẹni. Wọ́n ń wo àwọ̀ tó ń yí padà bí ọwọ́ bá kàn án. Wọ́n ń wo ìyẹ̀fun tó ń jábọ́ lára rẹ̀, èyí tó jẹ́ irúgbìn rẹ̀. Wọ́n sì ń wo ohun tó ń jẹ. Ọ̀kan wà tí ìwé ti mọ̀, tó jọ èyí bí ìbejì. Gbòǹgbò igi tó wà láàyè lòun ń bá gbé, bí igi bá ń fún un ní oúnjẹ, òun náà á máa bá igi fa omi. Bí wọ́n bá yà á kúrò lára gbòǹgbò, kò lè yọ mọ́.

“Àmọ́ èyí, Mà, mo rò pé òkú ewé ló ń jẹ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìdílé mìíràn ni. Á jẹ́ pé tuntun ni.”

Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gbádérọ̀, kò gbà. Ó ní jíjọ lójú kò tó, ìyẹ̀fun díẹ̀ tí ọmọ náà mú wá, tó wò lábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá, kò sì yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ibi tí olú náà ń gbé. Ọkùnrin yìí ń múra àtilọ sókè òkun, ibi tí wọ́n kó olú oníyùn gbogbo ayé jọ sí, kó lè fi èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí wé ti ibẹ̀. Èyí tó bá dá a lójú ni yóò kó lọ. Bí ti Ṣèyífúnmi kò bá sí nínú àpò rẹ̀, ìbejì tí ìwé ti mọ̀ ni wọn yóò kà á sí, ọmọ náà á sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn gbogbo igbó tó ti wọ̀. Wọ́n dá ọjọ́ Sátidé.

Ó bọ́ sí Sátidé ìmọ́tótó, èyí tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rìn níta títí agogo mẹ́wàá fi lù. Nítorí náà, Ṣèyífúnmi lọ sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Agbowó, níbi tí ọ̀gá rẹ̀ ń gbé, lọ́jọ́ Jímọ̀, kó lè bá ọ̀gá rẹ̀ wá bí ọ̀nà bá ti là. Kó tó lọ, ó kúnlẹ̀.

“Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.”

“Lójú tèmi? Ta ló bí i dáadáa?”

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ o. Àlejò ńlá ń bọ̀, wolé-wolé ń bọ̀, lọ́jọ́ kan náà. Kí lẹ rò pé Àmọ̀kẹ́ ṣe? Ilẹ̀ mọ́, ó wo abẹ́ arère, ó rí ewé jẹbẹtẹ, ojú tì í fún Ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò tíì dé. Ó ní, “Ṣé inú pàǹtí ni wọn yóò ti wá wo ọmọ wa?” Ó fi òróró pa orúnkún, ó fa ọwọ̀ yọ, orin sì dé:

*Àlejò ń bọ̀, ẹ bá n gbálẹ̀,*
*Ilẹ̀ tó mọ́ ló ń gbàlejò;*
*Ewé gbígbẹ, ewé tútù,*
*Ẹ yà fún mi, àlejò ń bọ̀.*

Kò fọwọ́ kan olú o. Ó gbálẹ̀ yí i ká tìṣọ́ratìṣọ́ra, bí ẹni ń fá irun yí ojú egbò ọmọ ká. Ewé náà kò tiẹ̀ ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ńṣe ló ń ká sókè bí ẹní, òwú funfun tín-ín-rín ti rán ewé mọ́ ewé. Àmọ̀kẹ́ rò pé funfun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́ ni. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n, ó lọ dà á sórí ààtàn lápá kejì ọgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri aládùúgbò rẹ̀, Àlàájì Mùstàfá. Nígbà tí wolé-wolé dé, wọ́n yìn ín. Ó wo abẹ́ arère, ilẹ̀ pupa ń dán, olú dúró láàárín rẹ̀ bí ìyàwó lórí ìdúró. Inú rẹ̀ dùn, ó ń jó díẹ̀díẹ̀.

Oòrùn yọ. Kó tó di pé ọ̀nà là, ìyàwó ti tẹrí ba.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Gbádérọ̀ wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, àgbà ọlọ́wọ̀ ni, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí Àmọ̀kẹ́. Ṣèyífúnmi ti ṣíwájú lọ sábẹ́ igi. Ó wo ilẹ̀ ibẹ̀ yí ká. Ó ní, “Mama, ewé dà?”

“Ewé wo? Mo ti gbá a. Mi ò fọwọ́ kan olú yín o!”

Ọ̀jọ̀gbọ́n lóṣòó. Olú ti rọ, ó ti di bíńtín. Ó fi ọ̀bẹ kékeré tú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, gbòǹgbò arère ló kọ́kọ́ yọjú.

“Ṣèyífúnmi, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí mo rí rèé. Gbòǹgbò ni.”

“Sà, inú ewé ló wà. Ewé ló ń jẹ.”

“Mo gbà pé ewé wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sórí ẹní, ṣé ẹní ló ń jẹ?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò bínú, ó tilẹ̀ fọwọ́ kan ọmọ náà léjìká. Ó ní bí òmíràn bá yọ kí òun tó lọ, kó wá pe òun. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti gbá ibùsùn kúrò, olùsùn kò ní padà síbẹ̀ láìpẹ́.

Nígbà tó lọ tán, Àmọ̀kẹ́ ń retí kí Ṣèyífúnmi pariwo mọ́ òun. Ọmọ náà kàn ní, “Kò sí nǹkan, Mà. Ẹ ò mọ̀.” Ó wọ yàrá, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin ará mi, èébú kì í dunni tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ̀kẹ́ gbé ọwọ̀ kọ́. Orin lọ. Ó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wo ilẹ̀ tó ti ń gbá láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, ó ń ronú. Gbogbo ìgbà tó ń gbálẹ̀, kò rò ó rí pé ohun tí òun ń pè ní ìdọ̀tí lè jẹ́ ilé ẹlòmíràn. Ìdílé mélòó ló ti kó dà nù pẹ̀lú orin lẹ́nu? Ó bi ara rẹ̀, ó tún bi í. Ó ń wo Ṣèyífúnmi tó ń jáde láàárọ̀ bí ẹni tí wọ́n ti gba ẹrù lórí rẹ̀, tí ọrùn ṣì ń dùn.

Àlàájì Mùstàfá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, awakọ̀ lọ́rí àtijọ́, yọjú lórí ògiri.

“Ìyá Onílé, rédíò yín ti bàjẹ́ ni? Ẹ sá bátìrì sóòrùn díẹ̀, a ò gbọ́ orin mọ́.”

“Bátìrì ti kú, Àlàájì.”

“Kò burú. Ààtàn yín yìí ńkọ́? Ẹ̀fọn ibẹ̀ ti fẹ́ gbé mi lọ sí Ìwó Road. Bí òjò bá dá, mo fẹ́ finá sí i.”

“Ẹ sun ún. Ohun tó wà níbẹ̀ ti ṣe mí tó.”

Òjò kò dá. Ó rọ̀ bí ẹni tó ń bínú, ó rọ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, ọ̀sẹ̀ lọ, ọ̀sẹ̀ bọ̀. Ṣèyífúnmi ń lọ wo abẹ́ arère lójoojúmọ́, ilẹ̀ pupa ló ń rí. Ìrìn àjò Ọ̀jọ̀gbọ́n sì ti kù fẹ́ẹ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tó yá, òjò dá ní òwúrọ̀ kan. Àmọ̀kẹ́ bó iṣu, ó gbé èèpo lọ sí ààtàn. Kó tó débẹ̀ ló ti gbóòórùn kẹrosíìnì. Àlàájì Mùstàfá ti gba ẹnu géètì wọlé, ó ti ká ṣòkòtò sókè, ó ti da kẹrosíìnì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wá ìṣáná nínú àpò. Àmọ̀kẹ́ fẹ́ kí i. Ojú rẹ̀ bá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì ààtàn.

Wọ́n ti yọ. Wọn kì í ṣe ọ̀kan, wọn kì í ṣe méjì. Ara wọn ní àwọ̀ ẹ̀pà, orí wọn ní àwọ̀ àlùbọ́sà, wọ́n na ìka sókè láti inú ẹní ewé tó dà síbẹ̀, bí ọmọ tuntun tó ń wá ọwọ́ ìyá rẹ̀.

Èèpo iṣu dà nù. “Àlàájì! Ẹ dúró!”

“Kí ló dé? Ẹ̀yin lẹ ní kí n sun ún.”

“Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ!”

“Ọ̀rọ̀ lẹ jẹ, àbí èèpo iṣu? Ẹ kúrò níbẹ̀ jàre, ìṣáná mi ń tutù.”

“Kó tutù! Kó di yìnyín!” Àmọ̀kẹ́ ká ìró, ó jókòó pẹlẹbẹ sáàárín Àlàájì àti ààtàn, orúnkún tó ń dùn ún kò sọ̀rọ̀. “Bí ẹ bá máa sun ún, ẹ ti orí mi bẹ̀rẹ̀.”

Àlàájì wò ó, ó wo olú, ó tún wò ó. “Ẹ tún fẹ́ kí ìlú ní mo sun Ìyá Onílé lórí ààtàn?” Ó sọ ìṣáná padà sápò. Ó mú ṣọ́bìrì, ó fi rọra kó apá tí kẹrosíìnì ti kàn lọ sọ́tọ̀. Bó ṣe ń kó o ni orin já lẹ́nu Àmọ̀kẹ́, láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ bá n gbè é:

*Mo gbé e sọ nù, ó padà wá,*
*Ó padà wá o, ó padà wá;*
*Ewé ló jẹ, ewé ló mu,*
*Ó padà wá o, ó padà wá;*
*Mo rò pó kú, ilé ló kó,*
*Ó padà wá o, ó padà wá.*

“Háà,” ni Àlàájì wí, “rédíò ti dáhùn.”

Ṣèyífúnmi gbọ́ orin nínú yàrá. Ó jáde láìwọ bàtà. Àmọ̀kẹ́ nawọ́ dá a dúró. “Má fọwọ́ kàn án!” Ló bá di ẹ̀rín. Ọmọ náà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń wò. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó ń wá igi. Arère wà lọ́hùn-ún, gbogbo fífẹ̀ ọgbà ló wà láàárín wọn. Ó mú ọ̀bẹ, ó tú ilẹ̀ abẹ́ ààtàn ní ẹ̀gbẹ́ kan. Àfọ́kù àwo ló bá, àti amọ̀ líle, àti ìpìlẹ̀ ògiri Àlàájì. Kò sí gbòǹgbò bó ti wù kó kéré mọ.

“Mama,” ó ní, omi ti dé ojú rẹ̀, “ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe?”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ ni mo gbá. Lọ pe ọ̀gá ẹ!”

Bẹntiróòlù kò sí nínú ọkọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Orí ọ̀kadà ló bá dé láti Agbowó, ó di ọlọ́kadà mú bí ọmọ ẹ̀yìn ṣe ń di ìyá rẹ̀ mú, ẹrẹ̀ ta sí i lójú gíláàsì. Kò tiẹ̀ nù ún kó tó lóṣòó. Ó gbé ewé kan sókè, ewé kejì àti ìkẹta tẹ̀ lé e, òwú funfun ti rán wọn pọ̀. Ibi tí òwú ti kàn wọ́n, ewé ti ń di jẹ́lẹ́jẹ́lẹ́, ó ń tán lọ.

“Ṣèyífúnmi.”

“Sà.”

“Ó ń jẹ ẹní náà.”

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ó fi gèlè nu ojú. Ọ̀jọ̀gbọ́n yíjú sí Àmọ̀kẹ́. Ó ní, “Mama, ohun tó lè là á yé wa bóyá gbòǹgbò tàbí ewé ló ń jẹ ni pé ká kó ewé náà jìnnà sígi, ká wá máa wò ó. Ṣùgbọ́n ǹ bá má gbà kí ẹnikẹ́ni dán an wò. Ẹ̀rù á bà mí pé ká má pàdánù ìwọ̀nba tó wà.”

“Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ yìí lẹ wá ń yìn?”

“Ẹ̀ṣẹ̀ ṣì ni, Mà. Ọmọ tó bí ló dára.”

Wọ́n ká ìwọ̀nba díẹ̀, èyí tó kù wọ́n fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Ṣèyífúnmi gbé ọ̀kan sórí bébà tí ìdajì rẹ̀ funfun, tí ìdajì rẹ̀ dúdú, ó fi abọ́ ọbẹ̀ Àmọ̀kẹ́ dé e mọ́lẹ̀ lórí tábìlì. Ìyẹ̀fun á jábọ́, wọ́n á sì rí àwọ̀ rẹ̀. Ìyẹn ò ṣeé kánjú. Nígbà tí wọ́n ń dúró, Àmọ̀kẹ́ gbé iṣu tó ti bó kaná, ó fi ro àsáró, ó fi pánlá sí i, ó bu epo sí i. Àlàájì ní nítorí kẹrosíìnì òun tó ṣòfò, òun kò ní lọ sílé láìjẹ nínú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ṣí abọ́. Ìyẹ̀fun ti ya ẹ̀ka sórí bébà bí òjìji olú fúnra rẹ̀, ó ní àwọ̀ ògì àgbàdo pupa. Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó títí, ó ní yóò wọ inú àpò òun. Ó ní iṣẹ́ ṣì kù. Wọn yóò fi í wé ti ibòmíràn kí wọ́n tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò níkejì, ìgbà náà ni wọn yóò tó kọ orúkọ gígùn sí i nínú ìwé.

“Ṣùgbọ́n orúkọ ilé ńkọ́?” Àlàájì bèèrè. “Ẹ ò lè máa pe ọmọ ní ‘ìwọ yìí’.”

Ṣèyífúnmi ní, “Ẹ jẹ́ ká pè é ní Àmọ̀kẹ́.”

“Ẹ gbà mí o! Kí wọ́n máa sọ pé Àmọ̀kẹ́ hù lórí ààtàn?” Àmọ̀kẹ́ gbé ìgbákọ lé ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ó ronú díẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀. “Ọmọ tó wá, tó lọ, tí a gbé sọ sí ààtàn, tó tún padà wá bá wa. Kí là ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa?”

Ẹnu gbogbo wọn pa pọ̀ sọ ọ́:

“Málọmọ́!”

Wọ́n bu àsáró. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ṣíbí gbé nǹkan kan sókè, ó fi wá ìmọ́lẹ̀. “Mama, kí lèyí tó ya ẹ̀ka nínú oúnjẹ mi?”

“Egungun pánlá ni! Ẹ jẹun jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo nǹkan là ń sọ lórúkọ.”

Wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n tún ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ọ̀jọ̀gbọ́n gba ọ̀nà Agbowó lọ pẹ̀lú Málọmọ́ nínú àpò rẹ̀, Àlàájì Mùstàfá gba ẹnu géètì lọ sílé, ikùn rẹ̀ ló ṣíwájú. Láti ọjọ́ náà, bí Àmọ̀kẹ́ bá ń gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, tó bá dé etí òjìji arère, á dúró. Á kọrin síbẹ̀ díẹ̀, á wá yí padà.

Ẹ̀wà yín náà ti jinná, mo ń gbóòórùn rẹ̀. Ẹ gbé abọ́ wá, ẹ bù ú kó kún, ẹ jẹ ẹ́ yó, kí kálukú máa gba ilé rẹ̀ lọ pẹ̀lú orin lẹ́nu.